Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Ọ̀rọ̀ Ìpamọ́ Kẹ́yìn: Ìwúlò Rẹ̀ fún Ààbò Èsì Ìdánwò

Ìfáàrà
Lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń fi èsì ìdánwò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, máàkì 38 lè di 68. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, àti ohun tí àkọsílẹ̀ náà wà fún.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ọjọ́
Ẹ jẹ́ kí a fi Linux ṣe àpẹẹrẹ. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ́ /etc/shadow. Òǹlò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà náà sì pín sí ọ̀nà 9. Ìpín kẹta ni ọjọ́ ìpààrọ̀ wà. Láti ọjọ́ 1, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1970 ni a ti ń kà á. Nítorí náà, 20000 dúró fún ọjọ́ 4, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ 0, òǹlò náà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá tún fẹ́ wọlé.

Ìwúlò rẹ̀
Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi àkọsílẹ̀ yìí fipá mú ènìyàn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, dámọ̀ràn pé kí a yé ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé àṣírí ti tú. Ẹni tí a bá ń fipá mú sábà máa ń fi 2 rọ́pò 1 lásán.

Ìgbà tí àṣírí bá tú gan-an ni àkọsílẹ̀ náà wúlò jù. Gbogbo ẹni tí kò tíì pààrọ̀ tirẹ̀ láti ìgbà náà ṣì wà nínú ewu. Àwọn ni a ó kọ́kọ́ ké sí. Bákan náà, bí olùkọ́ bá rí ọjọ́ ìpààrọ̀ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó tètè fi tó alábòójútó létí.

Ìkádìí
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ kò lè sọ ẹni tí a fún ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wa. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ti fi tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. A sì rọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa láti máa fi ọjọ́ ìpààrọ̀ han olúkúlùkù nígbà tí ó bá wọlé.