Ṣé O Mọ̀? Oògùn Ikọ́ Ife àti Ẹ̀dọ̀ Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé oògùn mẹ́rin ló wà nínú hóró kan ṣoṣo tí ẹni tó ní ikọ́ ife ń gbé mì ní oṣù méjì àkọ́kọ́? Rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ojú ni ti ethambutol.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ pupa rúsúrúsú kì í ṣe ẹ̀jẹ̀? Iṣẹ́ rifampicin ni. Ó ń pa àwọ̀ ìtọ̀, òógùn àti omijé dà. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún tẹ́lẹ̀, àyà rẹ̀ á já, àmọ́ kò léwu. Èyí tó léwu ni kí ẹyinjú ní àwọ̀ ìyeyè, kí ìtọ̀ sì dúdú bíi kóòkì. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, oúnjẹ lè má wuni jẹ mọ́, kí èébì máa gbéni, kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa dunni.

Ní Ikotun tàbí Egbeda l'Ékòó, ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n kì í pẹ́ rí ẹni tó máa sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Àgbo dé nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àárọ̀ ló ń gbé oògùn tó ń ṣe ẹ̀dọ̀ báṣubàṣu mì, ìrọ̀lẹ́ ló ń da àgbo lé e, àgbo mìíràn sì wà tí ẹ̀dọ̀ kò gbà rárá. Ti paraga tí wọ́n ń tà létí gáréèjì ńkọ́? Ọtí ni, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ṣé o mọ̀ pé 1952 ni isoniazid jáde, síbẹ̀ ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó lára ẹ̀dọ̀? Lọ́dún 1970, ikọ́ ife wọ àárín àwọn òṣìṣẹ́ Capitol Hill ní Washington. Èèyàn 2,321 bẹ̀rẹ̀ sí í lo isoniazid kí àìsàn náà má bàa mú wọn. Ẹ̀dọ̀ èèyàn 19 dàrú, méjì kú.

Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n á lò ó láìsí nǹkan, tí àbúrò á dùbúlẹ̀? Àbímọ́ni wà níbẹ̀: ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn kì í tètè palẹ̀ isoniazid mọ́. Hẹpatáítìsì B náà wà níbẹ̀. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé bí èèyàn 8 nínú 100 ló ní in ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n má fúnra rẹ dá oògùn dúró o. Ikọ́ ife tí wọ́n bá fi oògùn rẹ̀ ṣeré lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Bí o bá rí àwọn àmì tó léwu yẹn, mú káàdì rẹ, padà lọ́jọ́ náà síbi tí wọ́n ti fún ọ lóògùn, tàbí kí o lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho ní Igando, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí àbájáde bá yí díẹ̀, tí kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́, wọ́n lè ní kó o máa lò ó lọ. Nínú 100 tó ń lo isoniazid, ti 10 sí 20 máa ń yí bẹ́ẹ̀, á sì lọ fúnra rẹ̀. Bó bá le, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ dúró títí ara á fi balẹ̀, wọ́n á sì máa dá a padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pyrazinamide ló sábà máa ń gbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn wọn kì í dá a padà rárá, ìtọ́jú oṣù mẹ́fà a sì di oṣù mẹ́sàn-án.