Gbígbọ̀n ọkọ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì

Gbígbọ̀n ọkọ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì jẹ́ àbùkù tí ó máa ń mú kí sítíárìn, ibi ìtẹ̀ bíréèkì tàbí gbogbo ara ọkọ̀ máa gbọ̀n bí awakọ̀ ṣe ń dín eré kù. Bíréèkì, tí a tún ń pè ní ìjánu ọkọ̀, ni orísun rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà mìíràn náà lè fà á. Ibi tí gbígbọ̀n náà ti hàn àti ìgbà tí ó ń wáyé ni ó ń tọ́ka sí ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó ra ẹ̀yà tuntun.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, dísìkì onírin kan ń yí pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára epo bíréèkì yóò mú kí kálípà fi páàdì méjì fún dísìkì náà láàárín, eré ọkọ̀ yóò sì dín kù. Bí dísìkì bá nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ, ibi tí ó nípọn yóò máa ti páàdì sẹ́yìn nígbàkígbà tí ó bá yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbára ìdádúró yóò máa pọ̀, yóò sì tún máa dín. Ìyàtọ̀ bíi 0.02 mm péré lè tó láti mú ọkọ̀ gbọ̀n.

Ohun tí ó ń fà á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ni ó tẹ dísìkì. Àmọ́, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé dísìkì kò nípọn dọ́gba mọ́. Lára ohun tí ó ń fa èyí ni:

* Ojú họ́ọ̀bù tí ó dógùn-ún tàbí tí ó ní ìdọ̀tí. Dísìkì kò ní jókòó dáadáa, páàdì yóò sì máa kan ibì kan náà lára rẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́.
* Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí a kò dì dọ́gba.
* Kálípà tí ó há, tí kì í jẹ́ kí páàdì fi dísìkì sílẹ̀.
* Ohun tí a fi ṣe páàdì tí ó lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì láìdọ́gba nítorí ooru.

Àyẹ̀wò

Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, nítorí pé èyí tí ó tú lè mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, àwọn àmì wọ̀nyí ń tọ́ni sọ́nà:

* Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí eré láìtẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kí táyà má báláǹsì tàbí kí ó ti wú.
* Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, a máa ń fura sí dísìkì iwájú.
* Bí ó bá jẹ́ ìjókòó ni ó ń gbọ̀n jù, a ń yẹ dísìkì tàbí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wò.
* Bí ìró kíkan bá tẹ̀lé e, búṣì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì lè ti jẹ.

Nínú ọkọ̀ tí ó ní ABS, bí ibi ìtẹ̀ bíréèkì bá ń ta ẹsẹ̀ nígbà ìdádúró òjijì, kì í ṣe àbùkù.

Mẹkáníìkì ń fi máíkírómítà wọn dísìkì ní ojú ibi mélòó kan yípo rẹ̀. A sábà máa ń tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù sí ara dísìkì fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe

Pípààrọ̀ páàdì nìkan kì í wo àbùkù yìí sàn bí dísìkì kò bá dọ́gba. Bí dísìkì bá ṣì nípọn tó, a lè fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀. Bí kò bá tó, a ń pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun. Ó yẹ kí a wọn dísìkì tòkunbọ̀ kí a tó rà á. A gbọ́dọ̀ nu ojú họ́ọ̀bù mọ́ kí a tó de dísìkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbígbọ̀n náà lè padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Bí òórùn jíjóná bá ń jáde, tí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí bíréèkì bá rọ̀, kò yẹ kí a wa ọkọ̀ náà títí a ó fi tún un ṣe.