Ẹ Má Tíì Sanwó: Ìlàlóye Lórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Nílé àti Lókèèrè

Fún òbí, alágbàtọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀tà, Sango àti agbègbè wọn

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí kàǹtà ìmọ̀ràn wa ti yan ilé-ìwé kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ti sanwó. Wọ́n á na fóònù sí wa: lẹ́tà ìgbàwọlé tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì báńkì tó gbé orúkọ ẹnì kan dípò orúkọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi wá bóyá ilé-ìwé náà dára. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú owó.

Ẹ yẹ ilé-ìwé wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀

MDCN ni ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè nípa ilé-ìwé náà lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ẹ tó san owó tí wọ́n ní kí ẹ fi di àyè mú, kí ẹ tó san owó físà. Bí ajẹ́ǹtì tilẹ̀ jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ yẹ ilé-ìwé náà wò. Bí ọmọ aládùúgbò bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ṣì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ajẹ́ǹtì, láti abẹ́ bíríìjì Sango títí dé ọ̀nà Ìdírókò, nìyí:

*"Kò sí wàhálà JAMB níbẹ̀."* Òótọ́ ni pé ilé-ìwé òkèèrè kì í béèrè JAMB. Ṣùgbọ́n ìdánwò mìíràn ń dúró de ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá padà wálé. Ẹni tó bá gboyè ìṣègùn lókèèrè gbọ́dọ̀ yege ìdánwò MDCN kó tó lè ṣe háúsìmánṣíìpù ọdún kan. Ẹni tó gboyè nílé kì í ṣe ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ òbí ò gbọ́ èyí rí títí ọmọ fi jáde.

*"Kútọnu ni, ìtòsí ni."* Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìtẹ́wọ́gbà ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ìwé-ẹ̀rí akọ̀ròyìn náà kì í ṣe ti ìṣègùn, àmọ́ ìyà náà kan ẹni tó kàwé lóòótọ́ pẹ̀lú.

*"Ó lè parí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì."* Rárá. Nígbà tí ogun Ukraine lé àwọn ọmọ wa wálé ní 2022, MDCN kéde pé òun ò ní gba ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí a kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ òkèèrè

Ẹ béèrè ilé-ìwòsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí aláìsàn. Ẹ béèrè èdè tí àwọn aláìsàn yẹn ń sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì lè wà nínú kíláàsì kó má sí ní wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè bóyá orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ kí àjèjì ṣiṣẹ́ dókítà lẹ́yìn tó bá jáde. Bí ajẹ́ǹtì ò bá mọ èsì, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé náà fúnra yín.

Nílé

Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti OOU wà ní Ṣàgámù, ti Babcock ní Ìlíṣàn, ti UNILAG ní Ìdí-Àràbà, ti LASU ní Ìkẹjà. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò fi ṣe JAMB, Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà nínú kírédíìtì márùn-ún rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dà wá láàmú:

- Ìgbàwọlé tí kò bá sí lórí CAPS, ètò ìgbàwọlé JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìgbàwọlé, ẹni yòówù tó fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀.
- MDCN ti pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín wà nínú iye náà. Ẹni tí wọ́n gbà kọjá iye lè kàwé tán kó má rí ìwé àṣẹ gbà.
- Ẹni tí wọ́n fún ní Anatomy tàbí Physiology ò tíì wọ Medicine. Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun yóò bá ọmọ yín sọdá.

Owó

Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé òkèèrè ń gbà. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan ò tó 500 náírà lójú ìjọba. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà ní iléeṣẹ́ ní láti ronú ọdún mẹ́fà, kì í ṣe ọdún kìíní nìkan. Ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tí kò ní èlé, wà fún ilé-ìwé ìjọba nílé. Kò dé òkèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó

Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un, pàápàá "owó tí a ó fi bá yín gba owó yín padà". Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú WhatsApp rẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Ohun tí ẹ ó mú wá

Èsì WAEC tàbí NECO, èsì JAMB, àti orúkọ ilé-ìwé ní kíkún bó ṣe wà lórí lẹ́tà. Ẹni tó bá wà ní ṣíìfù lè fi fọ́tòkọ́pì rán ẹlòmíràn. A kì í gbowó ní kàǹtà yìí. Bí ajẹ́ǹtì bá ní àyè yóò bọ́ bí ẹ ò bá sanwó kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kó bọ́.