Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti ẹ̀yìn àwọn ìyá wa

Kí gàrí Ìjẹ̀bú tó dé inú abọ́ wa, ẹ̀yìn ẹnìkan ti ro.

Ní Awa, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpótí kúkurú ni ẹni tó ń yan gàrí sábà máa ń jókòó lé. Nítorí ooru iná, ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí agbada. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń rò ó láti àárọ̀, tí èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé ọjọ́ ogbó ló fa ìrora èjìká àti ìbàdí tó ń bá a. Bí wọ́n ṣe to ibi iṣẹ́ ló fà á jù.

Ìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ergonomics sọ pé irinṣẹ́ ni kó bá ara mu, kì í ṣe ara ni kó máa tẹ̀ nítorí irinṣẹ́. Àpẹẹrẹ kan ni ààrò tí wọ́n ń ki igi bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, tí èéfín rẹ̀ ń gba ojú ihò gíga jáde. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956, náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ gàrí.

Bí owó ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ gbé agbada ga títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ìgbọ̀nwọ́. Ẹ gbé bàsíà pákí kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e ka tábìlì. Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, ẹ sì máa dìde nàró lóòrèkóòrè. Dípò àjákù igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí ọwọ́ rẹ̀ gùn fún màmá.