Ọ̀WỌ́: Ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá-Nàgó fi ń pe ohun púpọ̀ tí ó kó ara jọ, ọ̀wọ́ ní àyè tirẹ̀. Kì í ṣe pípọ̀ nìkan ni ó ń sọ. Ó ń sọ pé àwọn tí ó pọ̀ náà ń rìn pọ̀, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ àgbà ní ìwé ní Ikpinlè àti ní ìgbèríko Adja-Ouèrè mọ̀ ọ́n lò dáadáa, nítorí pé bí a bá ṣì í lò nínú ìwé ẹjọ́ oko, ẹ̀tọ́ olóko tàbí ti darandaran lè sọnù.

1. Orírun rẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọ́ ni a rí nínú rẹ̀. A máa ń sọ pé ejò ń wọ́ lọ nílẹ̀, pé ẹnì kan ń wọ́ igi, pé èrò ń wọ́ lọ sí ọjà. Ohun tí ó so ìlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ìrìn gbọọrọ tí kò já láàárín. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti rí ọ̀pọ̀ láti ara pọ̀, àti òkú láti ara kú.

2. Ọ̀wọ́ àti àwọn ojúgbà rẹ̀

Agbo ni ohun tí ó pé jọ sí ojú kan, bí ẹni pé a fi ọgbà yí i ká: agbo ijó, agbo ilé. Èrò ni àwọn ènìyàn tí ń lọ tàbí tí ń bọ̀. A kì í pe ẹran ní èrò. Ogunlọ́gọ̀ ń sọ pípọ̀ nìkan, ì báà dúró, ì báà rìn. Ọ̀wọ́ ni ti ohun tí ń lọ: ọ̀wọ́ ẹyẹ, ọ̀wọ́ ẹja, ọ̀wọ́ ìjàlọ, ọ̀wọ́ ọmọ ogun. Ọ̀wọ́ eṣú ni ó gbéra láti àárín gbùngbùn odò Ọya ní 1928, tí àjàkálẹ̀ rẹ̀ kò sì dópin títí di 1941.

Nípa ti ẹran ọ̀sìn, àwọn méjèèjì wọlé. Bíbélì èdè Yorùbá to agbo ẹran àti ọ̀wọ́ ẹran sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: agbo fún àgùntàn àti ewúrẹ́, ọ̀wọ́ fún màlúù. Lónìí a tún ń sọ pé ọ̀wọ́ ìwé, nígbà tí ìwé kan bá ń tẹ̀ lé òmíràn.

3. Àmì ohùn

Ọ̀wọ́ kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń jẹun, kì í ṣe ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà, kì í sì í ṣe ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin, tí a gbé kalẹ̀ ní 1975, ń kọ wọ́n báyìí: ɔ̀wɔ́, ɔwɔ́, ɔ̀wɔ̀, ɔwɔ̀. Lẹ́tà lè yàtọ̀ láti ìhà kan ẹnubodè sí èkejì. Àmì ohùn nìkan ni ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ ní ìhà méjèèjì.

4. Kíka iye

Ibí yìí ni ewu wà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ọ̀wọ́ màlúù mẹ́ta wọ oko àgbàdo. Ṣé màlúù mẹ́ta ni, tàbí ọ̀wọ́ mẹ́ta? Etí kò lè yà á, ojú pẹ̀lú kò lè yà á. Ìyàtọ̀ náà kò kéré: màlúù mẹ́ta lè jẹ ẹ̀bá oko, ọ̀wọ́ mẹ́ta a sì jẹ oko tán. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ṣe ní 1998 béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ darandaran tí ń kọjá ẹnubodè, kí ó fi iye ẹran rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà hàn. Ní ìparí ọdún 2019, ìjọba Benin fi òfin de irú ìkọjá bẹ́ẹ̀. Níbi tí iye ti jẹ́ ẹ̀rí, èdè kò gbọdọ̀ rú ni lójú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ya iye ọ̀wọ́ àti iye orí sọ́tọ̀: Màlúù ogójì, tí ó wà ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, wọ oko àgbàdo. Bí a kò bá mọ iye orí, kí a kọ pé: Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn màlúù tí ó wọ oko. Lẹ́yìn náà, kí a ka ìwé náà sókè fún ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀, kí ó tó tẹ̀ ìka sí i.