ILÉ-ẸJỌ́ ÀKÀNṢE ÀTI ILÉ-ẸJỌ́ GBOGBOOGBÒ LÓRÍ Ẹ̀SÙN ÌWÀ IPÁ INÚ ILÉ: ÀPẸẸRẸ LÁTI ORÍLẸ̀-ÈDÈ BRÀSÍL

1. Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.' Ohun tí òwe yìí gbà bí òótọ́ ni pé bí ẹjọ́ bá parí, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ yóò pínyà, oníkálùkù yóò sì gba ilé tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aya bá pe ọkọ tó ń lù ú lẹ́jọ́, ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ilé kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń padà sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Owó oúnjẹ, ọmọ, àti kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì so wọ́n pọ̀. Ewu tó wà fún obìnrin náà lẹ́yìn tó ti fi ẹjọ́ sùn sì lè ju èyí tó wà kí ó tó fi í sùn lọ.

Nítorí ìdí yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe yọ ẹ̀sùn ìwà ipá inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹjọ́ yòókù, tí wọ́n sì dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún un. Ní Brooklyn, ní ìlú New York, irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1996 fún àwọn ẹ̀sùn tó wúwo. Orílẹ̀-èdè Spéìn ṣòfin tirẹ̀ ní 2004, àwọn ilé-ẹjọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Bràsíl ṣe tirẹ̀ ní 2006. Bràsíl ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò, nítorí pé láàárín 1983 sí 2006, ọ̀nà mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè náà gbà bójú tó ẹ̀sùn kan náà: nínú ilé-ẹjọ́ gbogboogbò, nínú ilé-ẹjọ́ tó wà fún ẹ̀sùn kéékèèké, àti nínú ilé-ẹjọ́ àkànṣe. Fífi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra yóò fi hàn pé kì í ṣe orúkọ náà, 'àkànṣe', ló ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ohun tí òfin ní kí adájọ́ máa wò ló ṣe kókó.

2. Ojú tí ilé-ẹjọ́ gbogboogbò fi ń wo ẹ̀sùn náà

Ilé-ẹjọ́ gbogboogbò ni èyí tó ń gbọ́ ẹjọ́ olè, ẹjọ́ jìbìtì àti ẹjọ́ ìjà ìgboro lórí àga ìdájọ́ kan náà. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń bi ẹlẹ́rìí kò ju mẹ́ta lọ: Kí ló ṣẹlẹ̀? Lọ́jọ́ wo? Ta ló rí i? Ìbéèrè wọ̀nyí bá ọ̀rọ̀ olè mu, nítorí pé olè jíjà ní ọjọ́ kan, wákàtí kan, àti ohun kan tó sọnù. Ìwà ipá inú ilé kì í sábà jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan. Ìgbátí lónìí, ìhàlẹ̀ lọ́la, owó oúnjẹ tí ọkọ dá dúró, ilẹ̀kùn tó tì mọ́ aya, gbogbo wọn ló so kọ́ra. Bí adájọ́ bá yọ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú wọn, ìgbátí kan ni yóò rí. Kò ní í rí ìbẹ̀rù tó ti ń gbé inú ilé náà láti ọdún pípẹ́. Ẹlẹ́rìí kò sì wọ́pọ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀ràn náà ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé ọ̀rọ̀ ilé kan a máa fọ́n ká sí iwájú adájọ́ púpọ̀. Ẹ̀sùn lílù wà níwájú adájọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn; ìkọ̀sílẹ̀, owó ìtọ́jú, àti ẹni tí ọmọ yóò máa bá gbé wà níwájú adájọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí. Adájọ́ kan lè pàṣẹ pé kí ọkọ má ṣe sún mọ́ aya rẹ̀, kí èkejì, tí kò gbọ́ nípa àṣẹ náà, sì pàṣẹ pé kí ọkọ máa wá wo àwọn ọmọ nílé ìyá wọn lópin ọ̀sẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni ìhà tí àwùjọ kọ sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Bràsíl ní òwe kan tó sọ pé ẹnikẹ́ni kì í ti ṣíbí bọ ìjà tọkọtaya. Inú àwùjọ tó ń pa òwe yìí ni ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ ti jáde wá. Òfin ìlú lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lílu ènìyàn, kí àwọn tó ń mú òfin ṣẹ sì máa wò ó bí ọ̀rọ̀ ilé tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún onílé.

3. Ẹjọ́ Maria da Penha

Ẹjọ́ tó fi àbùkù wọ̀nyí hàn jùlọ ní Bràsíl ni ti Maria da Penha Maia Fernandes, apòògùn kan ní ìlú Fortaleza, ní ìpínlẹ̀ Ceará. Ní oṣù Karùn-ún 1983, ọkọ rẹ̀ yìnbọn lù ú nígbà tó ń sùn. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Àlàyé tí ọkọ ṣe ni pé àwọn olè ló wọlé. Nígbà tí obìnrin náà ti ilé ìwòsàn dé, ọkọ yìí kan náà tún gbìyànjú láti fi iná mànàmáná pa á níbi tó ti ń wẹ̀.

Ẹ̀sùn ìgbìyànjú láti pànìyàn kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré ní Bràsíl. Síbẹ̀, ọdún 1991 ni ìgbẹ́jọ́ kìíní tó wáyé. Wọ́n dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó gba ilé rẹ̀ lọ nítorí ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ pè tako ìdájọ́ náà. Ní 1996, wọ́n tún un dá. Ó tún gba ilé lọ. Ní 1998, obìnrin náà àti àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2001, ìgbìmọ̀ náà dá orílẹ̀-èdè Bràsíl fúnra rẹ̀ lẹ́bi pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń fàyè gba ìwà ipá inú ilé. Ọdún 2002 ni ọkọ náà tó wẹ̀wọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìbọn náà dún ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà.

Ohun tó yẹ kí á fiyè sí nínú ẹjọ́ yìí ni pé kò sí òfin tó ṣàìsí. Òfin wà tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìpànìyàn, adájọ́ wà, wọ́n sì dájọ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé níbo ni obìnrin náà yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ti ilé ìwòsàn dé.

4. Ilé-ẹjọ́ ẹ̀sùn kéékèèké, 1995

Kò tọ́ láti sọ pé Bràsíl káwọ́ gbera ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1985, ìlú São Paulo dá àgọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fún ẹ̀sùn àwọn obìnrin nìkan, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá ti kúrò ní àgọ́ náà, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ náà ló ń lọ. Ẹnu-ọ̀nà di tuntun; yàrá inú kò yí padà.

Ní 1995, Òfin 9.099 dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ. Ìyára, àìnáwó púpọ̀, àti ìlàjà ni òfin náà gbójú lé, ète rẹ̀ sì dára. Lílù tí kò dá ọgbẹ́ ńlá àti ìhàlẹ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, èyí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ìwà ipá inú ilé fi dé ibẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rọ tọkọtaya láti parí ìjà. Bí aya bá gbà, ẹjọ́ tán. Bí kò bá gbà, agbẹjọ́rò ìjọba lè fi ìyà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ ọkọ láìsí ìgbẹ́jọ́. Èyí tí ó sì wọ́pọ̀ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni kí ó ra agbọ̀n oúnjẹ kan fún ilé àánú. Báyìí ni lílu aya ṣe di ohun tó ní iye kan lọ́jà. Ẹni tó bá lè san án lè tún un ṣe.

Kì í ṣe pé ìlàjà fúnra rẹ̀ burú. Ìlàjà dára láàárín aládùúgbò méjì tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀, nítorí pé ẹnì kìíní lè sọ 'n kò gbà' lójú ẹnì kejì. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń bẹ̀rù ọwọ́ ẹnì kejì, 'mo gbà' kì í ṣe ẹ̀rí pé ó gbà. Ilé-ẹjọ́ 1995 jẹ́ àkànṣe ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyà ni wọ́n fi ṣà á sọ́tọ̀, kì í ṣe irú ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

5. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe, 2006

Òfin 11.340 jáde ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, 2006. Orúkọ Maria da Penha ni wọ́n fi ń pè é. Ó yọ ìwà ipá inú ilé sí obìnrin kúrò lábẹ́ òfin 1995 pátápátá, ó sì fún ìjọba láṣẹ láti dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Èkíní ni ìtumọ̀ ẹ̀sùn. Òfin náà ka oríṣi ìwà ipá márùn-ún: ìpalára sí ara, ìpalára sí ọkàn, ti ìbálòpọ̀, ti ohun-ìní, àti ìbanilórúkọjẹ́. Owó tí ọkọ gbà lọ́wọ́ aya àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó fà ya ti di ara ẹjọ́ kan náà pẹ̀lú ìgbátí.

Èkejì ni àkókò. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bẹ̀ obìnrin fún ìdáàbòbò ránṣẹ́ sí adájọ́ láàárín wákàtí 48. Adájọ́ náà ní wákàtí 48 láti pinnu. Ó lè ní kí ọkọ kó jáde nílé, kí ó má ṣe sún mọ́ aya, kí ó sì kó ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Láti 2018, rírú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìkójọpọ̀. Òfin fún adájọ́ kan ṣoṣo lágbára lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn àti lórí ọ̀rọ̀ ẹbí tó so mọ́ ọn. Àtúnṣe 2019 sọ ọ́ ní pàtó pé obìnrin lè bẹ̀bẹ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pínpín ohun-ìní kò sí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera, onímọ̀ òfin àti àwọn tó mọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá lè wà lọ́dọ̀ adájọ́ láti sọ ohun tí ìwé ẹ̀sùn kò lè sọ fún un.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ tí wọ́n fi mú olùfisùn àti ìyà. Aya tó bá fẹ́ fa ọwọ́ ẹ̀sùn sẹ́yìn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níwájú adájọ́, kì í ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Bràsíl tún pinnu pé bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìpalára sí ara, ìjọba lè bá ẹjọ́ lọ láìdúró de aya. Òfin ka ìyà agbọ̀n oúnjẹ léèwọ̀, ó sì sọ ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jùlọ fún irú lílù bẹ́ẹ̀ di ọdún mẹ́ta nígbà tó jáde ní 2006. Ó tún ka nǹkan kékeré kan léèwọ̀ tó sọ púpọ̀: kò gbọdọ̀ jẹ́ obìnrin náà ni wọn yóò fi ìwé ìpẹ̀jọ́ rán sí ọkọ rẹ̀.

6. Àwọn ìbéèrè tó kù

Ìbéèrè kìíní ni ti olùjẹ́jọ́. Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́ ti gba olùfisùn gbọ́ kí ó tó lanu. Àṣẹ ìdáàbòbò sì lè jáde kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ọkọ. Èsì tó wà fún èyí ni pé àṣẹ náà kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ṣì wà níwájú, ẹ̀rí sì ni yóò pinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì yìí dúró bí ìgbẹ́jọ́ kò bá pẹ́. Bí ó bá pẹ́, ẹni tí wọn kò tí ì dá lẹ́bi yóò wà lẹ́yìn òde ilé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè kejì ni ti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní ilé-ẹjọ́ àkànṣe. Òfin 2006 ní kí adájọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn máa ṣe iṣẹ́ náà níbi tí kò bá ti sí. Àtúnṣe 2019 gba ọlọ́pàá láyè láti lé ọkọ jáde nílé níbi tí kò sí adájọ́ nítòsí, kí wọ́n sì sọ fún adájọ́ láàárín wákàtí 24. Ìlànà tuntun bá ojú àtijọ́ pàdé ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ló ṣòro jùlọ. Ọ̀pọ̀ aya ló fẹ́ kí lílù dópin, tí kò sì fẹ́ kí ọkọ lọ sẹ́wọ̀n, nítorí pé owó ọkọ náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ìdájọ́ 2012 yọ ẹrù ìpinnu kúrò lórí irú aya bẹ́ẹ̀, ọkọ kò sì lè fipá mú un fa ẹjọ́ sẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Brooklyn, ọ̀nà tí wọ́n gbìyànjú ni pé kí adájọ́ kan náà mú ẹjọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí olùjẹ́jọ́ sì máa padà wá jíhìn níwájú rẹ̀. Bràsíl náà, láti 2020, ti fi lílọ sí ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìwà kún àṣẹ ìdáàbòbò. Méjèèjì gbà pé ẹ̀wọ̀n nìkan kò tó.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ilé-ẹjọ́ gbogboogbò a máa dájọ́ lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ dáadáa a máa dájọ́ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ilé-ẹjọ́ 1995 ní Bràsíl fi hàn pé ìyára láìsí òye ewu lè sọ ìyà di owó orí. Òfin 2006 fi hàn pé bí àkókò, àṣẹ àti ọ̀rọ̀ ẹbí bá wà lábẹ́ òrùlé kan, ẹni tó fẹjọ́ sùn lè padà sílé láìbẹ̀rù ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀. Tọkọtaya lè ti kóòtù bọ̀ kí wọ́n má ṣọ̀rẹ́ mọ́. Òwe kò parọ́. Ohun tí òfin jẹ obìnrin náà ni pé kí ó ti kóòtù bọ̀ láàyè.