Níbo ni okùn ti já? Virtual machine tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì ní Koira Kano

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Niger kò ní etíkun rárá, síbẹ̀ ó wà lára orílẹ̀-èdè tó ju mẹ́wàá lọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi virtual machine kọ́ṣẹ́ ní Koira Kano, ládùúgbò ìhà àríwá Niamey, lè fi gbogbo ọ̀sán tú ètò inú rẹ̀ palẹ̀, kó pa á rẹ́, kó tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, láìmọ̀ pé ibi tó bàjẹ́ jìnnà réré sí yàrá òun. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ilé ń ṣiṣẹ́ geere, inú kọ̀ǹpútà ni àléébù wà, iléeṣẹ́ tẹlifóònù la sì ń bú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá ni ibi tí okùn ti já.

Virtual machine ni kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwìà dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní mẹ́mòrì tirẹ̀, ó ní díìsìkì tirẹ̀, ó sì ní káàdì nẹ́tíwọ̀kì tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. IBM ti ń ṣe irú rẹ̀ sórí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá láti àwọn ọdún 1960. Iléeṣẹ́ VMware gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò ní 1999, sọ́fítíwìà VirtualBox sì dé ní 2007. Ẹni tí kò lówó kọ̀ǹpútà mẹ́ta lè fi ẹyọ kan ṣoṣo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sáfà.

Ẹ jẹ́ ká pe kọ̀ǹpútà gangan ní onílé, ká sì pe virtual machine ní ayálégbé. Ní ọ̀nà NAT, èyí tí VirtualBox máa ń yàn fúnra rẹ̀, onílé ló ń jíṣẹ́ fún ayálégbé. Orúkọ onílé ni gbogbo ìbéèrè fi ń jáde, òun náà ló ń gba èsì wọlé. Ará ìta kò mọ̀ pé ayálégbé kankan wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí fóònù yín kò bá lè dé ọ̀dọ̀ sáfà tó wà lórí NAT, kò sí ohun tó bàjẹ́; bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àfi tí ẹ bá ṣí ojú ọ̀nà fún un. Ní ọ̀nà kejì, tí ojú ìwé VirtualBox ní èdè Faransé ń pè ní accès par pont, ayálégbé ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì, ó sì ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ router bíi ti gbogbo ará ilé. Ẹ̀kẹta ni réseau privé hôte: onílé àti àwọn ayálégbé nìkan ló ń rí ara wọn. Ẹni tó yan èyí tó tún ń retí íntánẹ́ẹ̀tì yóò retí títí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ayálégbé, ẹ bi onílé léèrè. Ẹ kọ ping 8.8.8.8 lórí kọ̀ǹpútà gangan; ping ni àṣẹ tó ń wádìí bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, 8.8.8.8 sì ni nọ́ńbà sáfà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá rí èsì, ẹ fi virtual machine sílẹ̀. Bó bá rí i, ẹ wọ inú virtual machine lọ, kí ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀: ip addr lórí Linux, ipconfig lórí Windows. Lórí NAT VirtualBox, 10.0.2.15 lẹ ó sábà bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà ti béèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ NAT, ẹ ping 10.0.2.2 tí í ṣe ẹnu ọ̀nà onílé, ẹ ping 8.8.8.8, kí ẹ wá ping orúkọ ojú òpó kan. Ibi tí èsì bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, DNS ni, ìyẹn ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Ẹni tó bá kúrò lórí Wi-Fi ilé bọ́ sórí hotspot fóònù máa ń bá èyí pàdé, nítorí virtual machine lè ṣì dì mọ́ DNS àtijọ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Nígbà mìíràn, accès par pont kì í bá Wi-Fi rẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ Wi-Fi kò gba àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ̀kì) méjì lórí ìsopọ̀ kan. Ẹ lo wáyà, tàbí kí ẹ padà sí NAT. Bí ẹ bá sì da virtual machine kan kọ di méjì, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní MAC tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò máa já nẹ́tíwọ̀kì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé Windows sábà máa ń di etí sí ping tó bá ti ìta wá. Ó lè dákẹ́ kó sì wà láàyè.

Tó bá jẹ́ pé onílé gan-an ni kò rí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kútọnu ni wáyà ACE ti gòkè ní orílẹ̀-èdè Benin, Niger sì gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó tó dé irú wáyà bẹ́ẹ̀. MainOne ṣàlàyé ní 2024 pé wáyà tirẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta nísàlẹ̀ omi níbi tó ti já, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí ẹja pípa ló fà á. Kì í ṣe òkun nìkan náà ni. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní Niger fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, Nàìjíríà já iná tó ń fún Niger, òkùnkùn sì bo ọ̀pọ̀ ilé ní Niamey.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já báyìí ni réseau privé hôte wúlò jù, nítorí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí iná bá ṣáà wà, virtual machine mẹ́ta lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan, kí wáyà Abidjan já tàbí kó má já. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Niamey àti níbi gbogbo tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ṣeé gbọ́kàn lé: ẹ wa fáìlì Linux àti àwọn sọ́fítíwìà tí àwọn ọmọ yóò lò sílẹ̀ sórí díìsìkì kan nígbà tí ọ̀nà ṣì là, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo kíláàsì dà á kọ.